Kọ̀ǹpútà Tó Ń Ráhùn Láàárọ̀ Kò Tíì Kú

 

Ọ̀rọ̀ kan ti ń dé iwájú ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ẹ̀yáwó léraléra, ó sì tó ohun tí à ń gbé jáde nínú ìwé yìí kí tọmọdé tàgbà ẹgbẹ́ lè dá sí i. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń wá yá owó láti fi ra kọ̀ǹpútà mìíràn nítorí pé èyí tí wọ́n ní nílé ń kọ ọ̀rọ̀ sójú nígbàkúgbà tí wọ́n bá tàn án. Bí a bá béèrè pé kí ni ó ń kọ, ìdáhùn kan náà ni à ń gbọ́: "Akọ̀wé, òyìnbó ló sáà ń kọ. Ẹni tó ń bá wa tún un ṣe ní ó ti gbó, pé àwọn prógíráàmù àtijọ́ inú rẹ̀ ló ń dà á láàmú." Ó parí. Wọ́n á gbé fọ́ọ̀mù kalẹ̀, wọ́n á ní kí a buwọ́ lù ú.

Èrò tiwa nìyí, a kò sì fi bò. Kò yẹ kí ẹgbẹ́ yá ẹnikẹ́ni lówó nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nìkan, kò sì yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan gbà kí wọ́n fọ́ọ̀mátì kọ̀ǹpútà òun nítorí rẹ̀, àfi bí ẹnì kan bá kọ́kọ́ ka ohun tí ẹ̀rọ náà kọ láti òkè délẹ̀. A mọ̀ pé inú àwọn kan kò ní dùn sí èyí. Ẹ fara balẹ̀ ká àlàyé wa tán ná.

Nígbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà tí ń lo Windows, kí ó tó gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún yín láti ṣiṣẹ́, ìwé orúkọ kan wà tí ó máa ń ṣí, bí tíṣà ṣe ń ṣí rẹ́jísítà ní kíláàsì láàárọ̀. Àní Registry gan-an ni wọ́n ń pe ibi tí púpọ̀ nínú orúkọ wọ̀nyí wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan tún wà nínú fódà tí à ń pè ní Startup, tí àwọn mìíràn sì wà lọ́dọ̀ Task Scheduler, èyí tí ń yan àkókò iṣẹ́ fún prógíráàmù. Windows á máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwọ tí ń bójú tó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, dìde, ìwọ tí ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì, dìde, ìwọ tí ń bá fóònù sọ̀rọ̀, dìde. Ọ̀pọ̀ prógíráàmù ló jẹ́ pé ọjọ́ tí a gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti fọwọ́ ara wọn kọ orúkọ wọn síbẹ̀. Wọn kò bi wá.

Wàyí o, ó lè ṣe kí ẹnì kan yọ prógíráàmù kan kúrò lọ́nà tí kò pé. Bóyá ó kàn wọ́ fódà rẹ̀ sínú Recycle Bin dípò kí ó gba ọ̀nà Uninstall. Bóyá antivirus ló rí fáìlì burúkú kan, tó pa á, tí kò sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé. Prógíráàmù ti lọ, orúkọ ṣẹ́kù. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Windows á pè é, kò ní gbọ́ ohùn. Nígbà náà ni àpótí kékeré kan á yọ sójú, tí wọ́n kọ RunDLL sí lórí, a ó sì rí gbólóhùn yìí nínú rẹ̀: "The specified module could not be found." Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju èyí lọ: ohun tí ẹ ní kí n pè, mo pè é, n kò rí i.

Ẹ fi wé alájọ tó ń kan ilẹ̀kùn yín ní gbogbo òwúrọ̀, tó ń béèrè Bàbá Ṣadé tó ti kó lọ sí Ṣàgámù láti ọdún mẹ́ta. Ariwo rẹ̀ lè bí yín nínú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ó ní kí ó fa igi lé orúkọ Bàbá Ṣadé nínú ìwé rẹ̀ ni. Ta ni yóò tìtorí ìyẹn wó ilé?

Ìdí tí irú èyí fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa kò ṣòro láti mọ̀. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà nílé wa. Ọ́fíìsì kan ní Ìlú Òyìnbó tàbí ní Amẹ́ríkà ti lò ó gbó kí ó tó bá ọkọ̀ ojú omi dé, kí a tó rà á ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí lọ́wọ́ ẹni tó lọ kó o wá láti ibẹ̀. Ohun ọ́fíìsì yẹn á ṣì wà nínú rẹ̀: prógíráàmù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a kò fojú kàn rí, prógíráàmù tí wọ́n fi ń ṣèpàdé, èyí tí ilé iṣẹ́ fi ń ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó tà á fún wa á pa ohun tí ojú rẹ̀ bá tó rẹ́ ní kánmọ́kánmọ́, kí ẹ̀rọ lè dà bíi tuntun lójú oníbàárà. Orúkọ wọn kò kúrò nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tó wà ní yàrá yín yóò ṣe máa wá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lókè òkun láràárọ̀.

Ohun tó mú wa mú kálàmù gan-an ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tí ń ta aṣọ. A kò ní dárúkọ ìyá náà, a kò sì ní dárúkọ ẹni tó bá a tún ẹ̀rọ ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyá yìí ti ń lo prógíráàmù kan tí wọ́n ṣe nígbà ayé Windows XP, èyí tó jáde ní ọdún 2001, láti fi kọ orúkọ àwọn tó gba aṣọ àwìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lò dáadáa, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ sójú láràárọ̀. Ó pe ẹni tó ń bá a tún un ṣe. Onítọ̀hún wò ó fìrí, ó ní fọ́ọ̀mátì ló kù. Ìyá béèrè pé ìwé gbèsè òun ńkọ́? Ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, òun á kó gbogbo ẹrù wọn pamọ́ sínú fláàṣì kí òun tó fọwọ́ kàn án.

Òótọ́ ló kó ẹrù. Ó kó Documents, ó kó Desktop, ó kó fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ. Ohun tí kò wò ni pé àwọn prógíráàmù àtijọ́ kì í sábà fi ìwé wọn sí Documents. Inú fódà prógíráàmù náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi í sí, níbi tí wọ́n ti gbé e sórí C. Nígbà tí fọ́ọ̀mátì parí, ẹ̀rọ mọ́ tónítóní, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sójú mọ́, gbèsè ọdún mẹ́ta sì ti bá a lọ. CD tí wọ́n fi gbé prógíráàmù náà sórí ẹ̀rọ kò sí nílẹ̀ mọ́, ẹni tó tà á fún wọn sì ti rìnrìn àjò. Ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ẹnu béèrè owó rẹ̀. Àwọn kan jẹ́ ọmọlúwàbí, wọ́n san. Àwọn kan san ìdajì, wọ́n ní ohun tó kù kò yé àwọn. Àwọn kan wò ó lójú kòrókòró, wọ́n ní kí ó mú ìwé jáde.

Ọmọ rẹ̀ ti fi fóònù ya ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń kọ yẹn. Nígbà tí wọ́n fi hàn wá, a kà á. Ti fáìlì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ni. Ìyá náà kò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rí láyé rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, bí ọ̀rọ̀ bá yọ sójú, ẹ má tíì tẹ OK. Ẹ fi fóònù yà á kí gbogbo rẹ̀ hàn. Orúkọ fáìlì tó wà nínú rẹ̀, èyí tí .dll tàbí .exe máa ń wà ní ìparí rẹ̀, àti ọ̀nà gígùn tó bẹ̀rẹ̀ láti C, ni yóò sọ ọmọ ẹni tí fáìlì náà í ṣe. Bí ẹ bá rí orúkọ ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nínú ọ̀nà yẹn, ẹ ti mọ ibi tó ti wá. Lẹ́yìn èyí, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kó ìwé owó yín sórí fláàṣì, pẹ̀lú fódà prógíráàmù tí ẹ fi ń kọ ọ́ lódindi. Ẹ má gbà kí wọ́n sọ fún yín pé Documents ti tó.

Iṣẹ́ tó kù kò le. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Task Manager á ṣí. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Startup sí. Nínú Windows 11, Startup apps ni wọ́n kọ. Rẹ́jísítà tí à ń wí nìyẹn, ó tẹ́ sílẹ̀ níwájú yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó ti kó lọ á dá yàtọ̀: ẹ ó rí i tí wọ́n kàn kọ Program síbẹ̀, kò ní ní àwòrán kankan tó jọ ti àwọn yòókù. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ ẹ́, kí ẹ mú Disable. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún un tàn. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá yọ mọ́, iṣẹ́ ti parí, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Ohun tó dára nínú Disable ni pé kò pa nǹkan kan rẹ́. Bí ẹ bá ṣi orúkọ dá dúró, ẹ padà síbẹ̀ kí ẹ mú Enable. Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ máa fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ ṣe sínú ìwé. Ẹni tó bá dá orúkọ mẹ́wàá dúró pọ̀, tí nǹkan sì bàjẹ́, kò ní mọ èwo ni yóò dá padà. Àwọn tó ṣì ń lo Windows 7 kò ní rí Startup nínú Task Manager. Msconfig ni kí wọ́n kọ sínú Run, wọ́n á rí i níbẹ̀.

Ó lè má sí nínú ibi tí a sọ yìí. Nígbà náà, prógíráàmù kan wà tó ń jẹ́ Autoruns. Mark Russinovich jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe é, ìyẹn àwọn Sysinternals tí Microsoft rà ní ọdún 2006, ọ̀fẹ́ sì ni lórí ibùdó Microsoft. Ọ̀pọ̀ igun nínú Windows tí orúkọ lè sá pamọ́ sí ni ó máa ń tú. Ó sì ń kun orúkọ tí fáìlì rẹ̀ ti sọnù ní àwọ̀ yẹ́lò. Ẹ kàn yọ ààmì kúrò nínú àpótí kékeré tó wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo yẹ́lò ni à ń fọwọ́ kàn o. Èyí tó bá bá orúkọ inú fọ́tò yín mu nìkan ni. Bí ọmọ yín kan bá sì ní òun fẹ́ fọwọ́ wọ inú Registry lọ pa orúkọ rẹ́ ní tààrà, ẹ ní kí ó rọra. Ibẹ̀ kò ní Disable, ẹni tó bá ṣi ìlà kan parẹ́ lè jí bá ẹ̀rọ tí kò ní tàn mọ́.

A kò sọ pé ti ẹni tó kó lọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń yọ o. Ó ń bẹ tí prógíráàmù wà nílé, ṣùgbọ́n tí ohun tó máa ń yá lò kò sí. Ọ̀rọ̀ tó bá dárúkọ VCRUNTIME140.dll tàbí MSVCR100.dll, irú rẹ̀ nìyẹn. Ibi kan ṣoṣo tó yẹ kí a ti gba ìyẹn ni ọ̀dọ̀ Microsoft, lọ́fẹ̀ẹ́. Visual C++ Redistributable ni kí ẹ béèrè. Bákan náà ni ti .NET Framework 3.5. Àwọn tí ń pín fáìlì .dll kọ̀ọ̀kan fúnni lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń pín ẹ̀pà, ẹ yà fún wọn. Ẹ kò mọ ohun tí wọ́n dì mọ́ ọn.

Ó sì ń bẹ tó jẹ́ pé òótọ́ ni prógíráàmù ti gbó. Àwọn tí wọ́n ṣe fún DOS àti fún Windows ìgbà àárọ̀, tí wọ́n ń pè ní 16-bit, kì í ṣiṣẹ́ lórí Windows tí ó jẹ́ 64-bit. Windows 11, tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, kò sì ní irú mìíràn ju 64-bit lọ. "This app can't run on your PC" ni ẹ ó máa rí. Èyí tí kò gbó tó bẹ́ẹ̀, irú ti ayé XP, ẹ lè fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ àwòrán rẹ̀, kí ẹ lọ sí Properties, kí ẹ mú Compatibility, kí ẹ sì yan Windows XP. Ó máa ń gbọ́ nígbà mìíràn.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó ti wọlé. Ẹni tí prógíráàmù ìwé gbèsè rẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́ bẹ́ẹ̀, tó sá wá yá owó ra kọ̀ǹpútà tuntun, ẹ̀rọ tuntun yẹn ni kò ní lè ṣí ìwé rẹ̀ rárá. Èyí tó ń ráhùn nílé ṣì ń ṣí i. Gbèsè ẹgbẹ́ á wà lọ́rùn rẹ̀, ìwé gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ á sì di ohun tí kò ṣeé kà. Ohun tó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ni pé nígbà tí ẹ̀rọ àtijọ́ ṣì ń tàn, kí ó tẹ gbogbo ìwé náà sórí bébà, tàbí kí ó gbé e jáde lọ́nà tí Excel lè kà, kí ó tó wá bá wa sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mìíràn. Tó bá ṣe ìyẹn, àwa fúnra wa á bá a bẹ ìgbìmọ̀.

A tún ń gbọ́ tí wọ́n ń da ọ̀rọ̀ Windows 10 pọ̀ mọ́ èyí. Lóòótọ́, láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dẹ́kun àtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10 fún gbogbo ènìyàn, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni kò sì lè gba Windows 11 nítorí pé kò ní ohun tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Ìyẹn jẹ́ ìdí gidi láti ronú ẹ̀rọ mìíràn. Ẹni tó bá tìtorí rẹ̀ fẹ́ yá owó, kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Kò kan àpótí tó ń yọ láàárọ̀.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni irọ́. Ọ̀rọ̀ kan lè yọ pé Flash Player yín ti gbó, kí ẹ tètè gba tuntun. Adobe ti pa Flash Player tì láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Kò sí tuntun kankan níbì kankan. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní i fún yín, ohun mìíràn ló fẹ́ kì sínú ẹ̀rọ yín. Òmíràn á kọ nọ́ńbà fóònù sójú, á ní kọ̀ǹpútà yín ti kó fáírọ́ọ̀sì, kí ẹ pe Microsoft kíákíá. Microsoft fúnra wọn ti sọ ọ́ gbangba pé ìkìlọ̀ tiwọn kì í ní nọ́ńbà fóònù nínú. Ẹni tó bá pe nọ́ńbà yẹn, jìbìtì ló pè wọlé, ẹ sì mọ̀ pé orí ẹ̀rọ kan náà ni àwọn kan nínú wa ti ń wo owó wọn ní báńkì.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ti bi wá pé kí ló dé tí à ń fi ọ̀rọ̀ gùn tó báyìí, ṣebí ènìyàn lè máa tẹ OK láràárọ̀ kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rọ kò ní kú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ títẹ OK láìkà á, ọjọ́ tí irọ́ bá dé, OK náà ni yóò tẹ̀ fún un. Àwa kò lè bá wọn fọwọ́ sí i.

A ti gbé ìmọ̀ràn kan síwájú ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ti kọ̀ǹpútà: kí ẹni tó ń yá owó kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń kọ sójú gẹ́lẹ́ bó ṣe kọ ọ́, kí ó sì sọ ibi tí ìwé owó rẹ̀ wà. Ìpàdé tó ń bọ̀ ni a ó dìbò lé e. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ráhùn, kí ó mú fọ́tò rẹ̀ wá pẹ̀lú fóònù. Méjì nínú àwọn ọmọ wa tó gbọ́n sí iṣẹ́ yìí á wà níjòókòó pẹ̀lú wa láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kò gba owó, ṣùgbọ́n ẹ lè ra mínírà fún wọn.